Ẹyẹ Funfun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kùn

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi kọ́ọ̀bù kan rán ẹni tó ń bọ̀ nílé sí mi. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó tì í sáàárín aṣọ ọmọdé, ó sì tún bẹ ẹni náà pé kó má jẹ́ kí wọ́n ju báàgì yẹn sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí mo tú u, dúdú ni ojú mi kọ́kọ́ rí, irú dúdú ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ti ṣú tán tí kò tíì rọ̀. Mo yí i, mo rí ẹyẹ. Ẹyẹ funfun kan ló dá dúró, ó ká ọrùn mọ́ra, ìyẹ́ gígùn méjì yọ lẹ́yìn orí rẹ̀ bí òwú. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó dagun láti ẹnu kọ́ọ̀bù títí dé ìdí rẹ̀.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti rí i gbà?"

"Mo ti rí i gbà. O ṣé gan-an ni. Lékeléke yẹn dára."

"Wọ́n ní ará Jàpáànù kan ló yà á. Bí mo ṣe rí i báyìí, ẹ̀yin ni mo rántí. Mo mọ̀ pé ẹ máa mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, kọ́ọ̀bù sì wà lára ohun tí à ń tẹ̀. Bí òkú àgbà bá wà, bí ìyàwó bá wà, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ń ṣe àjọ̀dún, wọ́n á ní kí a tẹ àwòrán sára kọ́ọ̀bù, igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún, kí àwọn àlejò lè rí nǹkan mú lọ sílé. Sublimation ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é. A ó fi ínkì pàtàkì kan tẹ àwòrán náà sórí bébà, a ó yí i sódì bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. A ó dojú bébà kọ ara kọ́ọ̀bù, a ó fi téèpù tí iná kì í jó mú un mọ́ra, a ó sì fún un mọ́nú heat press, ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ àwòrán mọ́ nǹkan, tó ti gbóná tó nǹkan bí 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ínkì náà á di afẹ́fẹ́ gbígbóná, á sì wọ inú ohun dídán tí wọ́n ti fi bo kọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Tí a bá bó bébà kúrò, àwòrán ti ṣí kúrò lára rẹ̀. Mo ti ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń mọ̀ láti inú òórùn rẹ̀ nìkan bí àwọ̀ bá ti wọlé dáadáa.

Nítorí náà, mo mọ ohun kan nípa ẹyẹ yẹn kí n tó mọ orúkọ ẹni tó yà á. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó tẹ ẹyẹ náà sára kọ́ọ̀bù.

Ínkì mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ tí mo ń lò: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Funfun kò sí níbẹ̀, ẹnìkan kì í sì í fi í síbẹ̀. Ohun tó bá funfun lára kọ́ọ̀bù wa, ara kọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni. Àwọn oníbàárà kì í sábà gbà á gbọ́. Obìnrin kan gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé wá nígbà kan, bàbá náà wọ agbádá funfun, ó jókòó síwájú ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ẹfun. Ó rí kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kún funfun agbádá Bàábá. Ó yẹ kó tàn." Mo ṣàlàyé, kò yé e. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mi ò fọwọ́ kan agbádá náà rárá. Ògiri ẹ̀yìn bàbá ni mo mú dúdú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo tẹ òmíràn, obìnrin náà pariwo, ó fọwọ́ bo ẹnu, omi lé sí i lójú. Ó ní, "Ẹ ti fi funfun sí i!" Mo ní a ti fi sí i.

Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀bù àbúrò mi fi mú mi lọ́kàn. Ẹnìkan ní ilẹ̀ mìíràn, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ tèmi yìí, ti mọ ohun tí mo mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ fíìfíì.

Màmá mi ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n wo ẹyẹ náà dáadáa. Wọ́n wá kí mi láti Ṣakí, mo sì po tíì fún wọn nínú kọ́ọ̀bù tuntun mi nítorí pé òun ni mo fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò. Wọn ò mu tíì náà. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Kí lẹ pe ẹyẹ yìí?"

"Lékeléke ni, Màmá."

"Lékeléke kọ́. Ṣé gbogbo ohun tó bá funfun ni lékeléke? Ẹnu lékeléke pọ́n bí ọsàn. Wo ẹnu eléyìí, ó dúdú. Lékeléke kì í sì í ṣe ẹyẹ òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wá bá wa. Tí òjò bá ti ń kù, a kì í rí wọn mọ́, wọ́n á ti gba apá òkè lọ. Màlúù tó ń tẹ̀ lé dà?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sùn, mo lọ wò ó. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹyẹ tó wà lára kọ́ọ̀bù mi àti lékeléke, ìbátan ni wọ́n. Kosagi ni wọ́n ń pe tiwọn ní Jàpáànù. Ẹnu rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló pọ́n bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ inú epo. Tí àsìkò tí wọ́n ń yé ẹyin bá tó, ìyẹ́ gígùn méjì á yọ sí i lẹ́yìn orí, àwọn tó jọ òwú tí mo rí yẹn. Nínú oko ìrẹsì ló ti ń rìn, ó ń fi ẹsẹ̀ ru omi kí ẹja kéékèèké lè sáré jáde. Lékeléke tiwa gan-an wà ní Jàpáànù pẹ̀lú, amasagi ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ kosagi ni èyí, òjò tó sì ń rọ̀ lé e lórí lè jẹ́ òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje tí wọ́n ń pè ní tsuyu, nígbà tí gbogbo oko ìrẹsì bá kún fún omi. Ibi tó yẹ kó wà ló wà. Èmi ni mo gbé e wá sí Ṣakí lọ́kàn mi.

Àwọn ará Jàpáànù fẹ́ràn ẹyẹ funfun yìí. Ààfin ńlá tó wà ní Himeji, nítorí pé ara rẹ̀ funfun, orúkọ ẹyẹ yìí ni wọ́n fi ń kì í. Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tsuwano, ní ọjọ́ 20 àti ọjọ́ 27 oṣù keje ọdọọdún, àwọn ọkùnrin á gbé ìyẹ́ funfun ńlá wọ̀, wọ́n á dé orí ẹyẹ náà lórí, wọ́n á jó níwájú ojúbọ. Mo wo àwòrán ijó yẹn títí. Ìyẹ́ náà wúwo, wọn kì í sáré, wọ́n kàn ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé. Ẹni tó bá mọ bí eégún ṣe ń yí aṣọ rẹ̀ po yóò dá ìṣísẹ̀ yẹn mọ̀ pé kì í ṣe eré lásán.

Ohara Koson ni orúkọ ẹni tó ya ẹyẹ mi. Wọ́n bí i ní 1877 ní Kanazawa, ó sì kú ní Tokyo ní 1945. Orúkọ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́. Koson ló kọ́kọ́ ń jẹ́. Ní 1912 ó yí i sí Shōson. Nígbà tó bá sì ń ṣe ti ilé atẹ̀wòrán mìíràn kan, Hōson ló máa ń kọ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá wádìí lè rò pé ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n. Kachō-e ni irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ìyẹn àwòrán òdòdó àti ẹyẹ, ó sì yà wọ́n lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún: kannakánná lórí ẹ̀ka tí yìnyín bò, ológoṣẹ́ lára ọparun, òwìwí lábẹ́ òṣùpá, pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń bà sómi. Àwọn ẹyẹ funfun yìí ló sì padà sí léraléra, nínú òjò, nínú yìnyín, nínú koríko etí odò.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é o. Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ń sọ ìtàn àdúgbò mi. Níbí, ẹni tó ń ya dísáìnì kọ́ ló ń ṣe pléètì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, ẹni tó ń ṣe pléètì kọ́ ló ń wa ẹ̀rọ, ẹni tó gba iṣẹ́ wá tó sì ń sanwó fún gbogbo wa sì tún yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Koson á ya ẹyẹ. Agbẹ́gi á lẹ àwòrán náà mọ́ pákó igi ṣẹ́rì, á dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó lè jáde sódì, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ń yí tèmi sódì, á wá gbẹ́ gbogbo ibi tí kò yẹ kó ní àwọ̀ kúrò. Pákó kan fún àwọ̀ kan. Atẹ̀wòrán á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ àwọ̀ sórí pákó, á tẹ́ bébà tó ti rin díẹ̀ lé e, bébà tí wọ́n fi èèpo igi kozo ṣe. Á wá fi ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi awẹ́ èèpo ọparun wé, baren lorúkọ rẹ̀, ra ẹ̀yìn bébà náà títí àwọ̀ á fi mu. Wọ́n á gbẹ́ àmì kékeré méjì sí etí pákó kọ̀ọ̀kan kí bébà lè máa bà síbì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ aláwọ̀ púpọ̀ tó ti yẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tí ètè ìyàwó wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò mọyì àmì méjì yẹn.

Ẹnì kẹrin ni ẹni tó ń gbé iṣẹ́ jáde. Ti Koson tó lókìkí jù ni Watanabe Shōzaburō ní Tokyo. Ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1923, iná sì tẹ̀ lé e. Pákó tí Watanabe ti gbẹ́ jọ àti àwòrán tó ti tẹ̀ sílẹ̀ jóná. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí 1926, ni òun àti Koson, tó ti ń jẹ́ Shōson nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀. Mo máa ń rò ó bí ó ti rí fún un láti rí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní eérú kó sì tún pe agbẹ́gi kó wá jókòó. Mo ti rí ibi tí iná ti mú ilé ìtẹ̀wé ní òpópónà wa. Ọ̀pọ̀ kò padà wá.

Ẹyẹ inú òjò lórí bébà, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n tẹ òkùnkùn yíká rẹ̀. Agbẹ́gi fi ibi tí ẹyẹ náà yóò dúró sí sílẹ̀ láìní àwọ̀, atẹ̀wòrán sì da eérú àti dúdú yí i ká, bébà tí ẹnikẹ́ni kò kùn ló wá di ẹyẹ. Wọn kò tún fi mọ níbẹ̀. Lára irú ẹyẹ funfun bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń mú pákó mìíràn tí wọ́n gbẹ́ ìyẹ́ sí, wọn kò ní fi àwọ̀ kankan sí i, wọ́n á kàn tẹ bébà mọ́ ọn pẹ̀lú agbára. Karazuri ni wọ́n ń pè é. Bébà á wú díẹ̀ níbí, á sì rì díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí èékánná bá kọjá lórí àwọ̀ ara. Tí ènìyàn bá gbé e síwájú, funfun lásán ló máa rí. Tí ó bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìyẹ́ á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn kò sí lára kọ́ọ̀bù mi, kò sì lè sí níbẹ̀. Ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Mo fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ó dùn mí díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kẹta yẹn, ẹni tó fi èjìká tẹ ìyẹ́ sínú bébà láìlo àwọ̀, ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ wa máa ń gbàgbé.

Síbẹ̀, mi ò lè bá àwọn tó ń sọ pé ẹ̀gàn ni kí wọ́n tẹ irú iṣẹ́ báyìí sára kọ́ọ̀bù kẹ́gbẹ́. Mo ti kà á lóríṣiríṣi: pé inú ilé ìṣura ni ó yẹ kó wà, pé wọ́n ń ba iṣẹ́ àgbà jẹ́. Ẹ wo ọ̀nà tí àwòrán wọ̀nyí gbà rìn. Àwọn àwòrán Koson, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní 1930, àti ní 1936, ilé ìṣura iṣẹ́ ọnà ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, pàtẹ àwòrán tuntun láti Jàpáànù, tirẹ̀ sì wà lára wọn. Àwọn tó rà á kò lọ gbé e pamọ́ bí ohun ìṣúra ọba, ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n fi kọ́. Ẹyẹ tó ń lọ sílé àwọn àjèjì ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹyẹ Jàpáànù lára àwo òyìnbó pàápàá ti pẹ́ ju Koson lọ. Ọmọ Faransé kan wà, Félix Bracquemond, agbẹ́rin tó ń tẹ àwòrán. Wọ́n máa ń pa á nítàn pé nínú àpótí àwo tánganran tó ti Jàpáànù dé ló ti rí ìwé àwòrán Hokusai, ayàwòrán Jàpáànù kan, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé ìwé yẹn ni wọ́n fi dí àárín àwo kí wọ́n má bàa fọ́. Ìtàn ni wọ́n pè é, ìtàn ni mo sì gbà á sí. Àmọ́ ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, òdodo ni: ní 1866, ó ya odindi àwo ìjẹun kan fún oníṣòwò tó ń jẹ́ Eugène Rousseau, ó mú ẹyẹ, ẹja àti kòkòrò láti inú iṣẹ́ Hokusai àti ti Hiroshige, ayàwòrán Jàpáànù mìíràn, ó gbẹ́ wọn sára irin, wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí bébà, wọ́n sì ti orí bébà gbé wọn sára àwo. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Paris ní 1867. Bébà sí ara àwo. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo dìde kúrò nídìí tábìlì, mo lọ dúró níwájú heat press mi, mo kàn ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa funfun kọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, nítorí pé òun ni ẹyẹ náà dúró lé. Kí ó tó di ọdún 1600, àwọn ará Jàpáànù ń mọ ìkòkò àti ife tó dára, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní tánganran funfun tó ń dún gbìn-ìn tí wọ́n bá ta á ní èékánná. Ilẹ̀ Ṣáínà àti Kòríà ló ní in. Ogun tí Toyotomi Hideyoshi, alágbára tó ń ṣàkóso Jàpáànù nígbà náà, gbé lọ bá Kòríà láti 1592 sí 1598 ló kó àwọn amọ̀kòkò wá sí Jàpáànù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì wá tìfẹ́tìfẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Yi Sam-pyeong, ni wọ́n sọ pé ó rí òkúta funfun tó dára ní òkè Izumiyama, ní Arita, ní 1616. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń yin tánganran Jàpáànù máa rántí pé ẹni tí wọ́n kó lógun ló rí funfun rẹ̀.

Láti Arita ni ìdílé amọ̀kòkò Kakiemon ti jáde. Wọ́n mọ ara àwo wọn ní funfun kan tó rọ̀ lójú bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n á sì ya ẹyẹ uzura méjì sí, ẹyẹ tó jọ àparò kékeré, pẹ̀lú koríko ọkà díẹ̀. Gbogbo ìyókù, wọn ò fọwọ́ kàn án. Àwọn oníṣòwò Nẹ́dálándì kó o lọ sí Yúróòpù, àwọn ará Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì sì fara wé e. Ní ìhà ibi tí wọ́n ti bí Koson pàápàá, tánganran Kutani wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1655, tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá: àwọ̀ márùn-ún, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò àti búlúù tó ṣókùnkùn, tí wọ́n lè tẹ́ bo àwo títí funfun ò ní ku ẹyọ kan. Mo rí fọ́tò wọn. Wọ́n rẹwà. Ọkàn mi ṣì wà lọ́dọ̀ Kakiemon.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ àlùkò yìí fún Màmá lórí fóònù, wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú àdúrà tí wọ́n ti ń gbà lé mi lórí láti kékeré: "Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ìwọ náà ò ní ráhùn." Mo ṣe àmín. Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán ni mo tó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ẹfun tí à ń wà nílẹ̀, tí àwọn olórìṣà fi ń kun ara àti ojúbọ, kaolin ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kaolin kan náà ló wà nínú amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ tánganran funfun. Àwọn ayàwòrán Jàpáànù pàápàá ní ẹfun tiwọn, gofun, ìkarahun inú òkun tí wọ́n lọ̀ kúnná, òun ni wọ́n fi ń kun ẹyẹ funfun nígbà tí wọ́n bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì yà á. Èyí tí wọ́n bá fi pákó tẹ̀ ni bébà ń ṣe ẹfun fún. Ti ara kọ́ọ̀bù mi, ẹfun gan-an ni. Wọ́n wà á nílẹ̀, wọ́n sun ún nínú iná, ó di ife, ẹyẹ kan sì dúró sínú rẹ̀.

Bí ó ṣe wá dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi kò ṣòro láti mọ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí Koson ti kú, ẹ̀tọ́ àdáni lórí iṣẹ́ rẹ̀ sì ti tán ní Yúróòpù. Rijksmuseum, ilé ìṣura iṣẹ́ ọnà ní Amsterdam, gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwòrán ńlá tó mọ́ kedere, Smithsonian, ilé ìṣura ní Washington, náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ lè mú un. Èmi náà ti mú un. Ẹyẹ inú òjò yẹn wà lórí kọ̀ǹpútà mi ní Ṣómólú, mo máa ń fẹ̀ ẹ́ títí tí mo fi ń rí fọ́nrán inú bébà.

Mo tẹ ọ̀kan fún Màmá. Mi ò yí nǹkan kan padà, mo kàn wọn òkùnkùn náà dáadáa kó má bàa dúdú kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n gbà á, wọ́n wo ẹnu ẹyẹ náà, wọ́n ní, "Ẹyẹ ẹlẹ́nu dúdú." Orúkọ tó ń jẹ́ ní Ṣakí nìyẹn báyìí. Ògì ni wọ́n fi ń mu láràárọ̀.

Tèmi ti ń ṣá. Ohun dídán tí wọ́n fi bo kọ́ọ̀bù yẹn fẹ́lẹ́, mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹnìkan nílé sì fi kànìnkàn onírin fọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí n tó mọ̀. Àbúrò mi ní kí òun fi òmíràn ránṣẹ́, mo ní kó fi owó rẹ̀ pamọ́. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń fọ̀ ọ́ báyìí. Pákó agbẹ́gi náà máa ń gbó ní tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tó ìwọ̀n kan, ìlà tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn tó ń ra àwòrán sì máa ń wá èyí tó kọ́kọ́ jáde.

Mo ti máa ń rò pé tí kọ́ọ̀bù yìí bá ṣá, ẹyẹ náà ló máa ṣẹ́kù, torí kò sí àwọ̀ lára rẹ̀ tó lè lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn ló ń lọ. Òjò ṣì ń rọ̀ ní apá ọ̀tún, ẹnu dúdú yẹn ṣì mú, ìyẹ́ méjì yẹn ṣì wà lẹ́yìn orí. Ṣùgbọ́n ní apá òsì, nítòsí ibi tí mo ti ń dì í mú, níbi tí àtàǹpàkò mi ti ń kọjá lójoojúmọ́, dúdú náà ti di eérú, eérú náà sì ti di funfun, n kò sì lè sọ ibi tí ẹ̀yìn ẹyẹ náà parí sí àti ibi tí ife ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.